Jẹ́ Kí Àáfà Fi Ìka Lu Ìkòkò Náà

Ṣàngó, Ìlọrin,
Ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán.

Bọ́láńlé, Àbẹ̀kẹ́ mi,

Wá ibì kan jókòó sí kí o tó ka ìwé yìí, nítorí pé ó gùn, mi ò sì ní kọ irú rẹ̀ mọ́. Ìwọ náà mọ̀ pé mi ò mọ̀wé. Ẹnu ni tèmi. Ọwọ́ Ràbí ni o ń rí yìí, Ràbí ọmọ Sàlámátù ọ̀rẹ́ mi, tó ń ṣe tíṣà ní ilé ìwé ẹ̀yìn ilé wa. Mo ti kìlọ̀ fún un pé ohun tí mo bá sọ ni kó kọ, kó má bá mi tún un ṣe. Ìyá rẹ̀ náà wà níbí. Ó jókòó sórí ẹní, ó ń ka tẹ̀sùbáà, ó ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ ohun tí à ń sọ. Irọ́ ni. Etí rẹ̀ wà lọ́dọ̀ wa.

Ìwé rẹ dé láàárọ̀ yìí. Dẹ́rẹ́bà tó ń ná Malete ló mú un wá. Ràbí kà á fún mi, mo ní kó tún un kà. Nígbà tó kà á lẹ́ẹ̀kejì tán, mo dìde, mo jó yí àwo ẹ̀wà mi po. Lórí orúnkún tó ń dùn mí tí o mọ̀ yìí! Sàlámátù ní, "Kí ló dé? Ṣé ọmọ náà ti rí ọkọ ni?"

Mo ní, "Ọkọ kẹ̀? Ó ju ọkọ lọ! Àáfà ló ní kó wá sọ ohun tí àwa onígbàgbọ́ gbà gbọ́ fún òun!"

Jẹ́ kí n tún ọ̀rọ̀ rẹ sọ fún ọ, kí o lè mọ̀ pé ó yé mi. O ní Àáfà àgbàlagbà tí o gba yàrá nílé rẹ̀ pè ọ́ lẹ́yìn ìrun alásárì, ó ní, "Tíṣà, láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, ẹnu àwọn ènìyàn wa ni mo ti ń gbọ́ ohun tí ẹ̀yin Kìrìsìtẹ́nì gbà gbọ́. Mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó ni ín rí. Bí a bá kírun Jímọ̀ tán, wá jókòó, kí o sọ ọ́ fún wa." O ní àwọn bàbá àwọn ọmọbìnrin mọ́kànlá tí ò ń kọ́ yóò wà níbẹ̀. O ní méjì nínú wọn ti ń sọ pé o wá yí àwọn ọmọ àwọn lọ́kàn padà ni, àti pé bí ọ̀rọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ kò bá lọ dáadáa, wọn yóò yọ àwọn ọmọ náà kúrò ní ilé ìwé, àwọn mọ́kànlá yóò padà sídìí ọlọ, ìwọ yóò sì kẹ́rù rẹ. O wá bi mí pé, "Ìyá Àgbà, ṣé kí n sọ pé ara mi ò yá?"

Bọ́láńlé, ṣé orí rẹ pé? Ara rẹ yá. Ìwọ fúnra rẹ lo kọ ọ́ sínú ìwé kan náà pé o jẹ ẹ̀kọ mẹ́fà láàárọ̀ Sátidé. Ẹni tí ara rẹ̀ ò yá kì í jẹ ẹ̀kọ mẹ́fà.

Ó ti lé ní ogójì ọdún tí mo ti dé Ìlọrin. Nínú gbogbo ọdún yẹn, ẹnì kan ṣoṣo ló bi mí ní ìbéèrè yìí tọkàntọkàn, mo sì bà á jẹ́. Ìwọ, oṣù mẹ́ta péré lo lò ní Malete, wọ́n ti tẹ́ ẹní fún ọ, wọ́n ní kí o wá wí! Inú mi dùn débi pé mo sọ fún Sàlámátù pé kí a jọ wọkọ̀ lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀. Ó ní, "Jókòó jẹ́ẹ́. Ṣé ìwọ ni wọ́n pè?" Òótọ́ ló sọ. Ìwọ ni wọ́n pè. Ìdí nìyí tí mo fi rán ẹnu mi sí ọ.

Gbọ́ bí mo ṣe ba tèmi jẹ́. Èmi ni mo tọ́ ọ dàgbà, mi ò sì sọ ọ́ fún ọ rí, torí ojú ń tì mí.

Ọdún tí bàbá àgbà rẹ ríṣẹ́ ní rélùwéè ló mú mi kúrò ní Ọ̀mù-Àrán wá síbí. Yàrá kan la gbà ní agbo ilé ọkọ Sàlámátù. Amọ̀kòkò ni àwọn obìnrin ilé náà, mùsùlùmí sì ni wọ́n láti ìran wọn wá. Èmi nìkan ni onígbàgbọ́ láàárín wọn. Ìyàwó Ọ̀mù ni wọ́n ń pè mí. Ẹgbẹ́ mi ni Sàlámátù, òun ló sì kọ́kọ́ bá mi ṣọ̀rẹ́. Mo ń bá a fi ẹsẹ̀ tẹ amọ̀, mo ń bá a ru ìkòkò lọ sí Ọjà-Ọba, inú abọ́ kan la ti ń jẹun.

Lọ́jọ́ kan, a wà nínú amọ̀, ó ní, "Ìyàwó Ọ̀mù, wọ́n ní ẹ̀yin sọ pé Ọlọ́run bímọ. Ṣé òótọ́ ni?"

Mo gbé àyà sókè. Ọdún yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣèrìbọmi, orúkọ mi ṣì ń dùn mọ́ mi létí. Mo ní, "Òótọ́ ni."

Ó ní, "Ta wá ni ìyàwó rẹ̀?"

Bọ́láńlé, mi ò ronú kan ìbéèrè yẹn rí láyé mi. Ohun tó yẹ kí n sọ ni pé, "Sàlámátù, jẹ́ kí n lọ béèrè." Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí mùsùlùmí mọ̀ pé mi ò mọ ẹ̀sìn mi. Mo ní, "Màríà ni."

Yé! Sàlámátù fò jáde nínú amọ̀. Ó ní, "Àsítágífúrúlàhì! Àsítágífúrúlàhì!" Ó fi ọwọ́ méjèèjì di etí, ọwọ́ tó kún fún amọ̀. (Ó ti ń rẹ́rìn-ín lórí ẹní báyìí. Ó ní, "Kọ ọ́ síbẹ̀, Ràbí, pé ọjọ́ méjì ni mo fi ń yọ amọ̀ létí." Ṣé o rí i pé ó ń gbọ́?)

Kí oòrùn tó wọ̀, gbogbo agbo ilé ti gbọ́ pé Ìyàwó Ọ̀mù ní Ọlọ́run gbé Màríà níyàwó. Bí mo bá ń kọjá, àwọn ìyáalé á fọwọ́ bo ẹnu. Sàlámátù ya abọ́ rẹ̀ sọ́tọ̀. Mo lọ bá bàbá ìjọ tó kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ ìrìbọmi, mo rò pé yóò yìn mí pé mo jẹ́rìí. Bàbá ká ọwọ́ lé orí. Ó ní, "Ìwọ obìnrin yìí! Ta ló kọ́ ọ ní ìyẹn? Kò sí onígbàgbọ́ kan tó gbà bẹ́ẹ̀! Ọlọ́run kì í gbéyàwó!"

Ó wá là á yé mi. Ó ní Jésù ni Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run, ó ti wà pẹ̀lú Ọlọ́run kí ayé tó dáyé. Ọ̀rọ̀ náà ló wọ ara ènìyàn nínú Màríà, wúńdíá tí ọkùnrin kan kò mọ̀. Ó ní a ń pè é ní Ọmọ nítorí pé ara Baba ló ti wá, bí ìmọ́lẹ̀ ti ń ti ara fìtílà wá, fìtílà kì í sì í gbéyàwó kó tó tan ìmọ́lẹ̀. Àpèjúwe ni o, kì í ṣe pé Ọlọ́run jẹ́ fìtílà. Má lọ fi ìyẹn dá ìjà mìíràn sílẹ̀ ní Malete.

Ìkíní nìyí nínú ìmọ̀ràn mi: ohun tí o kò mọ̀, sọ pé o kò mọ̀. Má fi irọ́ gbèjà Ọlọ́run. Àwọn àgbà ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ìyẹn ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Bí wọ́n bá bi ọ́ pé báwo ni Baba, Ọmọ àti Ẹ̀mí Mímọ́ ṣe jẹ́ Ọlọ́run kan ṣoṣo, sọ ìwọ̀n tí wọ́n kọ́ ọ, kí o sì fi kún un pé ìyókù ju orí rẹ lọ. Ó ju tèmi náà lọ. Ó ju ti bàbá ìjọ wa lọ, àmọ́ òun kì í fẹ́ gbà.

Ìkejì. O rántí bí àwọn èèyàn ṣe ń ra ìkòkò lọ́wọ́ wa ní Ọjà-Ọba nígbà tí o wà ní kékeré. Ẹni tó bá gbọ́n kì í wo ìkòkò lásán. Á fi ìka lù ú. Èyí tó bá dára á dún gbangan. Èyí tó bá ti sán á dún bí igi jíjẹrà. Ìwọ, torí o kò fẹ́ kó fọ́, o máa ń gbá ìkòkò mọ́ àyà gírígírí bí wọ́n bá fẹ́ lù ú, ìkòkò tó dára á wá dún bí èyí tó ti sán. Ẹ̀ẹ̀melòó ni mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ gbá ọ lórí ọ̀rọ̀ yìí? Gbé e kalẹ̀! Yọ ọwọ́ kúrò! Jẹ́ kí wọ́n lù ú! Bó ṣe yẹ kí o ṣe lọ́jọ́ Jímọ̀ nìyẹn. Bí Àáfà bá béèrè ọ̀rọ̀, má wú, má sunkún, má sọ pé ó ń bú ẹ̀sìn rẹ. Ẹni tó ń fi ìka lu ìkòkò ti ń rò ó láti rà á, tàbí kó kàn fẹ́ mọ irú amọ̀ tó jẹ́. Èyíkéyìí tó bá jẹ́, kò bú ọ.

Mo padà sórí ìtàn mi, nítorí ibi tó burú kò tíì dé.

Nígbà tí bàbá ìjọ ti là á yé mi, ó yẹ kí n lọ bá Sàlámátù lọ́jọ́ yẹn gan-an, kí n ní, "Mo ṣì í sọ." Mi ò lọ. Mo ní òun ló ya abọ́ sọ́tọ̀, òun ni kó kọ́kọ́ bá mi sọ̀rọ̀. Ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀sẹ̀ méjì, oṣù kan. À ń gba ẹ̀gbẹ́ ara wa kọjá bí ewúrẹ́ àti àgùntàn.

Òfin kan wà nílé àwọn amọ̀kòkò tí ẹnikẹ́ni kì í rú. Bí òjò bá ṣú tí ìkòkò tútù wà níta, ẹni tó bá wà nílé ni yóò kó o wọlé, ìkòkò ẹnikẹ́ni ì báà jẹ́. Bí o bá ń bá ìyàwó ọkọ rẹ jà lọ́wọ́, ẹ̀yin méjèèjì á dáwọ́ ìjà dúró, ẹ ó kó ìkòkò tán, kí ẹ tó padà sí ìjà yín. Ìkòkò tí iná kò tíì jó, ẹ̀kán omi díẹ̀ ló máa sọ ọ́ di ẹrẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, Sàlámátù lọ kí ẹni tó bímọ. Ó sá ìkòkò méjìlá sílẹ̀ nínú oòrùn. Àwọn tó kù ti lọ sọ́jà. Òjò ṣú. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà mi, mo ń wò ó. Mo sọ nínú mi pé, "Kí àwọn tí wọn kì í bá mi jẹun mọ́ wá kó o." Òjò dé. Ìkòkò kìíní tẹ ọrùn, ìkejì jókòó, nígbà tó yá, méjèèjìlá di ẹrẹ̀, wọ́n ń ṣàn lọ sí ojú àgbàrá. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì. Sàlámátù sáré dé, ó dúró nínú òjò, kò sọ̀rọ̀. Ó fi ọwọ́ gbá ìwọ̀nba amọ̀ tó kù jọ, ó wọlé.

Èmi tí mo ń sọ pé mo mọ Jésù! Kì í ṣe ọ̀rọ̀ Màríà ni ẹ̀ṣẹ̀ mi tó tóbi jù, Bọ́láńlé. Ìyẹn, àìmọ̀ ni. Èyí, mo mọ̀ ọ́n.

Fún ọjọ́ mẹ́ta, mo ń yẹra fún un. Lọ́jọ́ kẹrin mo lọ bá a. Ó ti tún wà nínú amọ̀. Mo ní, "Sàlámátù, mo wà nílé lọ́jọ́ tí òjò rọ̀."

Ó ní, "Mo mọ̀. Mo rí ọ lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí mo ń sáré bọ̀."

"Kí ló dé tí o kò sọ nǹkan kan?"

"Mo ń dúró wò ó bóyá o ní ẹnu tí wọ́n fi ń sọ òótọ́."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Mo ní, "Kí ni kí n ṣe sí i?"

Ó ní, "Kí lo lè ṣe sí i? Ṣé o mọ ìkòkò mọ?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n mọ."

"Ó dáa. Ọ̀rọ̀ ti tán. Ká aṣọ rẹ sókè, kí o bọ́ sínú amọ̀."

Mo bọ́ sínú amọ̀. Ibẹ̀ ni mo ti sọ ìyókù. Mo ní, "Ọ̀rọ̀ Màríà yẹn náà, irọ́ ni. A kò gbà bẹ́ẹ̀. Mi ò mọ̀ ni, ojú sì ń tì mí láti sọ pé mi ò mọ̀."

Sàlámátù dúró lójú kan. "Ìyẹn ni pé Ọlọ́run tiyín náà kò níyàwó?"

"Kò ní."

"Àlùhámúdúlílàhì! Gbogbo amọ̀ tó wọ̀ mí létí wá di ti lásán!" Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. Láti ọjọ́ náà la ti tún ń jẹun nínú abọ́ kan.

Ìgbà tó rẹ́rìn-ín tán ló wá béèrè èyí tó le jù. Ó ní, "Ẹ tún ní wọ́n kan Ànábì Ísá mọ́ igi, ó sì kú. Àwa gbà pé wọn kò pa á. Kí ló dé tí Ọlọ́run yóò fi jẹ́ kó kú? Bí ó bá fẹ́ dárí ji ènìyàn, ṣé kò lè kàn sọ pé òun ti dárí jì í ni?"

Mo wo amọ̀ tó wà lẹ́sẹ̀ wa. Mo ní, "Sàlámátù, ṣé o ti dárí jì mí?"

"Mo ti ní ọ̀rọ̀ ti tán."

"Ìkòkò méjìlá náà ńkọ́? Ta ni yóò tún wọn mọ?"

"Èmi náà ni. Ta ni ì bá tún jẹ́?"

Mo ní, "Èmi ni mo ṣẹ̀, ìwọ lo ń fara gbà á. Ẹnu lo fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ ni yóò dùn ọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ohun tí àwa gbà nìyẹn. A gbà pé Ọlọ́run tí a ṣẹ̀ kò wá ẹlòmíràn tí yóò fara gbà á. Òun fúnra rẹ̀ ló wá, nínú Jésù, ó fi ara rẹ̀ gbà á, ó kú, ó sì jí ní ọjọ́ kẹta. Àwa kò ní ohun tí a lè fi tún un ṣe. Ó kàn ní kí a wá bọ́ sínú amọ̀ pẹ̀lú òun ni."

Bọ́láńlé, mi ò kọ́ ọ̀rọ̀ yẹn níbì kankan! Ó kàn jáde lẹ́nu mi ni. Títí dòní, bí mo bá rántí, ara mi máa ń yá gágá. Sàlámátù ń tẹ amọ̀ lọ. Lẹ́yìn náà ó ní, "Mi ò rà á o. Ṣùgbọ́n ó dún."

Mi ò rà á, ṣùgbọ́n ó dún! Ohun tí mo fẹ́ kí o gbà wálé lọ́jọ́ Jímọ̀ nìyẹn. Má wá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá rà á, Ọlọ́run ló tà á, kì í ṣe ìwọ.

Ìkẹta ni àbí ìkẹrin? Ràbí ní ìkẹta ni. Má fi ibi tó le pamọ́. Àwọn kan ń bẹ tó jẹ́ pé bí wọ́n bá dé ọ̀dọ̀ mùsùlùmí, wọn á ní, "Ohun kan náà ni gbogbo wa ń sọ." Kì í ṣe ohun kan náà. Bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ẹ ti pàdé: Ọlọ́run kan ló dá ayé, ọjọ́ ìdájọ́ ń bọ̀, wúńdíá ló bí Jésù, kò dẹ́ṣẹ̀. Wọn yóò máa mi orí. Ṣùgbọ́n nígbà tí o bá dé ibi tí ọ̀nà ti yà, sọ fún wọn pé, "Ibí ni ọ̀nà ti yà o," kí o sì yà. Bí o bá fi àdàlú pa wọ́n lérìn-ín lónìí, tí wọ́n wá gbọ́ òótọ́ lọ́la, wọn yóò ní o fẹ́ fi ọgbọ́n jí ọmọ àwọn gbé ni.

Má sọ ọ̀rọ̀ àbùkù kan sí Ànábì wọn. Má sì purọ́ pé o gba ohun tí o kò gbà. Bí wọ́n bá bi ọ́ ní èyí tí yóò fa ìjà, sọ pé, "Bàbá, ohun tí mo gbà gbọ́ ni ẹ ní kí n sọ. Tiyín, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n jù mí lọ." Ràbí ní ibi tó dára jù nínú ìwé yìí nìyẹn. Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í dá sí i. Mo ní kó máa kọ ọ́ lọ.

Wé gèlè rẹ dáadáa. Má wọ aṣọ tó fún yẹn, o mọ èyí tí mò ń sọ. Kúnlẹ̀ kí wọn, kí o tó jókòó sórí ẹní. Bí Àáfà bá ń sọ̀rọ̀, má já a lẹ́nu, kódà bó bá ṣì í sọ. Ẹnu rẹ yá jù. Ọ̀dọ̀ mi lo ti jogún rẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi mọ̀. Má sì sọ̀rọ̀ pẹ́. Àwọn bàbá yẹn ní oko tí wọ́n fẹ́ lọ wò.

Èyí tí mo fẹ́ parí sí nìyí, òun sì ni egungun ọ̀rọ̀ mi. Àáfà fẹ́ mọ ẹ̀sìn rẹ, mo gbà. Àgbàlagbà tó ṣì ń fẹ́ mọ nǹkan ni, Ọlọ́run dá a sí. Ṣùgbọ́n àwọn bàbá mọ́kànlá yẹn, kì í ṣe ẹ̀sìn ni wọ́n wá gbọ́. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ẹni tí àwọn ń fi ọmọ sí lọ́wọ́ jẹ́ ẹni tó ń purọ́. Nítorí náà, kí wọ́n tó béèrè, wo ojú wọn, kí o sọ ohun tí o máa ṣe àti ohun tí o kò ní ṣe. Sọ pé ìwé kíkà àti ìṣirò ni ìjọba ní kí o kọ́ àwọn ọmọ, òun náà ni o ó kọ́ wọn. Sọ pé bí ìrun bá tó, o ó jẹ́ kí wọ́n lọ kírun. Sọ pé o kò ní mú ọmọ ẹnikẹ́ni lọ sí ìjọ lẹ́yìn bàbá rẹ̀. Bí ọmọ kan bá bi ọ́ léèrè ohun tí o gbà gbọ́, wàá sọ òótọ́ fún un, wàá sì sọ fún bàbá rẹ̀ pé ó béèrè. Má sọ èyíkéyìí tí o kò ní lè mú ṣẹ. Bí o bá sọ ọ́, mú un ṣẹ, kódà bí ẹnikẹ́ni kò bá rí ọ. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ kan, mo rò pé ẹnikẹ́ni kò rí mi.

Bí wọ́n bá ṣì yọ àwọn ọmọ náà lẹ́yìn gbogbo èyí, padà wálé. Àyè wà. Ojú kò ní tì mí nítorí rẹ. Ṣùgbọ́n bí o bá sọ pé ara rẹ ò yá, má wá sílé mi.

Ó ti rẹ̀ mí. Dẹ́rẹ́bà ní ọjọ́rú ni òun ń padà. Mo fi irú díẹ̀ ránṣẹ́ sí ìyàwó Àáfà, sọ fún un pé Ọ̀mù-Àrán ni wọ́n ti ṣe é. Lọ́jọ́ Jímọ̀, láti ìgbà tí wọ́n bá ti pe ìrun ọ̀sán ní mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa, mo ti mọ̀ pé ìwọ náà ń wé gèlè nìyẹn. Orúnkún mi yóò wà nílẹ̀ títí wọn yóò fi kírun alásárì. Gbé e kalẹ̀, Àbẹ̀kẹ́. Yọ ọwọ́ kúrò.

Èmi ìyá àgbà rẹ,
Ìyá Ọ̀mù.

*

Ẹ̀gbọ́n rẹ Ràbí ló ń kọ ìyókù yìí. Ìyá Ọ̀mù ti bọ́ sẹ́yìn ilé. Màmá mi ní kí n fi iṣẹ́ tirẹ̀ sí i kó tó padà, kí o sì ka ibí yìí fún Àáfà. Ó ní kí n kọ ọ́ báyìí:

"Àáfà, Sàlámátù amọ̀kòkò ló kí yín láti Ìlọrin. Ohun tí ìyá àgbà ọmọ yìí gbà gbọ́, ó ti sọ ọ́ fún mi nígbà tí a wà ní ọ̀dọ́, mi ò gbà á títí dòní. Ṣùgbọ́n nígbà tí èmi àti ọkọ mi lọ Mẹ́kà, tí a lo oṣù mẹ́rin, ọwọ́ rẹ̀ ni mo fi Ràbí ọmọ mi sí, mi ò fi í sọ́wọ́ ẹlòmíràn nínú agbo ilé. Ọmọ ọdún méje ni nígbà náà. Nígbà tí mo dé, mo ní kó ka kéwú fún mi. Ó ti kọjá ibi tí mo fi í sí."

Èmi náà ní ẹ̀rí tèmi, Bọ́láńlé. Ìyá Ọ̀mù ló ń mú mi lọ sí ilé kéwú láràárọ̀ nígbà náà, òun ló ń gbé wàláà mi, pátákó tí a fi ń kọ́ kéwú. Kò mọ ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀. Ó kàn mọ̀ pé bí omi bá kàn án, tàdáà tí wọ́n fi kọ ọ́ yóò ṣí. Bí òjò bá ká wa mọ́ ojú ọ̀nà, á tú gèlè orí rẹ̀, á fi wé wàláà náà, òjò á sì máa pa òun.